Agolo Omi Adùn Maple Àtijọ́: Ẹ Má Fọ Orúkọ Ẹni Tó Sè É Dànù

Bí agolo omi adùn igi maple láti Vermont, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, tí ẹ sì fẹ́ mọ àgbẹ̀ tó sè é, ẹ má sáré mú ọṣẹ àti kànrìnkàn. Àṣìṣe tó ń dùn mí jù nìyí. Ilé iṣẹ́ ló máa ń tẹ àwòrán sára ọ̀pọ̀ agolo bẹ́ẹ̀: ahéré tí èéfín ń rú lórí rẹ̀, ẹṣin tó ń fa ẹrù nínú yìnyín. Wọ́n á wá fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, kí àgbẹ̀ tó bá rà á lè fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ síbẹ̀. Yíǹkì òǹtẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ páànù bíi ti àwòrán. Ẹ fi kànrìnkàn ha á lẹ́ẹ̀kan péré, orúkọ ti lọ nìyẹn. Kódà bí agolo bá ti dógùn-ún, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù.

Ẹ má sì pe ẹni tó rọ agolo ní ẹni tó se oje igi di omi adùn. American Can Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1901, rọ agolo fún oríṣiríṣi ọjà. Ti Log Cabin, omi adùn kan tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, tún yàtọ̀: Patrick J. Towle, oníṣòwò oúnjẹ ní Minnesota, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1887, ó sì ń da maple pọ̀ mọ́ ṣúgà ìrèké. Àgbẹ̀ kan pàtó kò sí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wá a.

Nọ́ńbà ZIP, ìyẹn nọ́ńbà àdúgbò tí ilé ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà ń lò nínú àdírẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ní 1963. Bó bá wà lára agolo, agolo náà kò dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá sí, ìyẹn nìkan kò sọ pé ó dàgbà.

Tí orúkọ àti ìlú bá ti wà lọ́wọ́, ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ló kàn. Ọdún 72 ni wọ́n fi ń tì í pa kí gbogbo ènìyàn tó lè rí i. Ti 1950 ṣí ní 2022. Bí ẹ kò bá rí ẹni náà nínú ti 1890, ẹ má sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀: iná ọdún 1921 ní Washington ló fa òfò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé yẹn. Ẹ má sì dúró sórí orúkọ baálé. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù oje 40 ni wọ́n ń sè kó tó di gálọ́ọ̀nù omi adùn kan, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn ará ilé náà ti bá a ṣe é. Ẹ ka ìlà tó tẹ̀ lé e: ìyàwó, àwọn ọmọ, alágbàṣe tó ń gbé inú ilé náà.