Eré ìpín ìdókòwò orí ìwé fún àwọn ọ̀dọ́langba

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, mo fẹ́ dá àbá eré kan tí ó lè jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ bí ìdókòwò ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ₦100,000 orí ìwé (owó àfiṣeré, kì í ṣe owó gidi), kí ó fi ra ìpín, ìyẹn apá díẹ̀ nínú ohun ìní ilé-iṣẹ́, nínú ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ó mọ ọjà wọn, irú bíi MTN Nigeria tàbí Dangote Cement. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ọjà ìpín ìdókòwò bá ti parí, kí ó kọ iye owó ìpín kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ó sì kọ ìdí tí ó fi fẹ́ tà á tàbí tí ó fi fẹ́ dì í mú. Ìdí yẹn gan-an ni kí ẹ fún ní máàkì, kì í ṣe èrè, nítorí ọmọ tí ó jèrè nípa oríire lásán lè rò pé tẹ́tẹ́ ni òun ń ta (àwọn ilé tẹ́tẹ́ àdúgbò ti tó wa!). Ẹ máa yọ owó alágbàtà (ẹni tí ó ń bá ènìyàn ra ìpín tàbí tà á) kúrò nígbàkigbà tí ó bá rà tàbí tà. Kí eré náà gba sáà ẹ̀kọ́ kan, ó kéré tán, kí ọmọ lè rí ìgbà tí owó rẹ̀ lọ sílẹ̀.