Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Òkú, Iwin àti Ìfẹ́ Tí Wọ́n Ń Fi Pamọ́

Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò tíì gbọ́ ìtàn àkúdàáyà rí. Ọkùnrin kan kú, wọ́n sin ín, ó pẹ́ díẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ kan lọ nájà nílùú òkèèrè, ó bá a níbẹ̀: ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ń tajà tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti pòórá. Ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n ni òkú yìí ń sá fún, kì í ṣe ikú.

Ẹni tó bá lóye ìyẹn ti ní kọ́kọ́rọ́ sí irú ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ìtàn òkú tó ń rìn, àjẹ́, iwin àti amùjẹ̀ (vampire, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn), tí ìfẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin sí obìnrin tàbí ọkùnrin sí ọkùnrin, tàbí tí ẹni tí ìtàn dá lé lórí kò gbà pé akọ tàbí abo lòun.

Carmilla ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Sheridan Le Fanu, ará Ireland, ló kọ ọ́. Ó jáde tán ní 1872, ọdún 25 kí Dracula, ìwé amùjẹ̀ tó lókìkí, tó dé. Ọ̀fẹ́ ni lórí Project Gutenberg, ìkànnì ìwé àtijọ́. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹ gba fáìlì EPUB sórí fóònù, ẹ pa dátà. Kò gùn, ẹ lè kà á láàárín alẹ́ mélòó kan tí wọ́n bá mú iná lọ. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni o. Gbólóhùn tó bá lọ́ jù, ẹ kà á sókè.

Nígbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín lásán, ẹ má wá ìtumọ̀ kankan. Àwọn tó ń sáré sọ pé "àpèjúwe lásán ni iwin yẹn" máa ń ba ìtàn jẹ́ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì ni kí ẹ mú jọ́tà, kí ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú ewé: Kí ni iwin náà ń fẹ́? Ta ló mọ̀? Ta ni wọn kò bi léèrè?

Ìkẹta yẹn ló ń tú àṣírí. Laura tó ń sọ ìtàn ń bá bàbá rẹ̀ gbé nínú ilé àdádó ńlá kan ní Styria, ní ilẹ̀ Austria, kò sì ní ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan dojú dé nítòsí wọn, wọ́n gba ọmọbìnrin inú rẹ̀, Carmilla, sílé. Bí Laura ṣe rójú rẹ̀ báyìí, ó dá a mọ̀: òun ló wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì lójú àlá nígbà tó wà ní kékeré. Carmilla á dì mọ́ ọn, á fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́, á máa sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí i létí. Laura ní ọkàn òun ń fà sí i, ó sì tún ń rí òun lára. Nígbà tó yá, àṣírí tú pé amùjẹ̀ ni Carmilla, pé ó ti kú tipẹ́. Àwọn àgbà ọkùnrin pé jọ, wọ́n ṣí sàréè Carmilla, wọ́n kan igi mọ́ ọn láyà, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀. Inú ìwé àwọn aṣojú ìjọba ni Laura ti rí ohun tó kọ nípa ọjọ́ náà. Kò sẹ́ni tó béèrè bí ikú Carmilla ṣe rí lára rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tó fi kádìí ìtàn ni pé nígbà míì, ó máa ń ṣe òun bíi pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ Carmilla lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ṣé ẹ̀rù ni àbí àárò? Ẹ kọ èyí tí ẹ gbà, kí ẹ sì kọ gbólóhùn inú ìwé tó gbè é lẹ́sẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá òǹkọ̀wé tí irú ìfẹ́ yìí jẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Jewelle Gomez, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó fẹ́ràn obìnrin, kọ The Gilda Stories ní 1991. Ọmọbìnrin kan sá kúrò lóko ẹrú ní Louisiana ní 1850, ó di amùjẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì lọ títí dé 2050. Àwọn tó dáa nínú amùjẹ̀ wọ̀nyí kì í pani: wọ́n á mu díẹ̀, wọ́n á sì fi nǹkan tí ẹni náà ń fẹ́ dípò. Ẹ tún béèrè ìbéèrè mẹ́ta yẹn, ẹ ó rí i pé ìdáhùn ti yí padà.

Tó bá kan Freshwater tí Akwaeke Emezi kọ ní 2018, ará Òṣogbo ti ṣáájú ọ̀pọ̀ òǹkàwé òkèèrè. Emezi sọ gbangba pé ọ̀gbáńje, ohun tí àwọn Igbo ń pe irú ẹ̀mí bí àbíkú, lòun, àwọn ẹ̀mí inú ara Ada, ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí, ló sì ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Níbí, Twins Seven-Seven, ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo ti Dúró Ládiípọ̀, ti sọ tipẹ́ pé nínú ìbejì tí ìyá òun bí lẹ́ẹ̀meje, òun nìkan ló dúró, kò sì sẹ́ni tó ní àkànlò èdè ló ń lò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí ẹ ka Ada. (Ìfipábánilòpọ̀ àti ìpara-ẹni-lára wà nínú rẹ̀, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbé e, kó fò ó.) Ẹ má sì kọjá ààyè: elégùn Ṣàngó tó dirun bí obìnrin, ọ̀rọ̀ òrìṣà ni, ẹ má fi ṣe ẹ̀rí ohun tí ìwé kò sọ. Tí ẹ bá fẹ́ ti Èkó, Vagabonds! ti Eloghosa Osunde wà, 2022, níbi tí ìlú fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹ̀mí.

Òfin Nàìjíríà tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2014, mẹ́nu ba ìgbéyàwó, ẹgbẹ́, àti fífi ìfẹ́ hàn ní gbangba. Kò mẹ́nu ba ìwé àròsọ kíkà. Àmọ́ ojú aráyé yàtọ̀ sí òfin. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Òkè-Fìà sí Ọláìyá, orí fóònù ni kí ẹ ti kà á, kó má ní ẹ̀yìn ìwé tí ẹnikẹ́ni máa yọjú wò. Ẹ má fi ìwé tí ẹnì kan ń kà pinnu irú ẹni tó jẹ́, ẹ má sì dárúkọ ẹni tó yá yín níwé.

Tí ẹ bá fẹ́ ẹni tí ẹ ó jọ máa sọ ọ́, Carmilla ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, láìsọ nǹkan kan. Tó bá kà á tán, ẹ bi í nípa ẹsẹ̀ ẹnu ọ̀nà pálọ̀ yẹn. Ìdáhùn rẹ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ bóyá kí ẹ gbé ìyókù fún un.