Bí a ṣe ń dá ikọ́ ẹ̀gbẹ inú eegun ẹ̀yìn mọ̀, àti ìtọ́jú rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí kò bá húkọ́ kò lè ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀: kòkòrò rẹ̀ tí a fà símú lè ti inú ẹ̀dọ̀fóró bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ọ̀pá ẹ̀yìn, kí ó máa jẹ eegun ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alárù ní Ọjà Ọba l'Óṣogbo yóò ka ẹ̀yìn ríro sí ti ẹrù rírù. Ṣùgbọ́n ti ẹrù a máa fúyẹ́ bí a bá sinmi; ti ikọ́ ẹ̀gbẹ kì í lọ, ó tilẹ̀ lè le sí i lóru, tí ibà ìrọ̀lẹ́, òógùn òru àti ara rírù á sì bá a rìn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé máa tẹ irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí àṣà wa, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi agbára wọ́ ọ, nítorí eegun tó ti jẹrà lè wó lu okùn iṣan inú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ dé ilé ìwòsàn ńlá, irú èyí tí Yunifásítì Ọ̀ṣun ní l'Óṣogbo.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí. Àwòrán X-ray lè mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àìsàn sì wà níbẹ̀. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára òòfà ya àwòrán inú ara, ló ń tètè fi í hàn. Síbẹ̀, àwòrán nìkan kò tó ẹ̀rí, torí pé jẹjẹrẹ lè fara jọ ọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fa ọyún tàbí bu ẹran díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò GeneXpert, tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó tún ń sọ bóyá rifampicin, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, yóò lè pa kòkòrò náà. A ó ṣe àyẹ̀wò HIV pẹ̀lú.

Oògùn mẹ́rin ni a ń lò fún oṣù 2, lẹ́yìn náà méjì nínú wọn, rifampicin àti isoniazid; gbogbo rẹ̀ lè gba oṣù 6 sí 12. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní ibùdó ìtọ́jú ìjọba. Rifampicin yóò mú kí ìtọ̀ pọ́n bí omi ọsàn, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ibà apọ́njú, tàbí tí ìríran bá ń ṣú, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kíákíá. Ìrora lè dínkù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, tí wọ́n á jáwọ́. Iṣẹ́ abẹ wà fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú tàbí tí eegun rẹ̀ ti wó; iké tó bá ti yọ, oògùn kì í sábà tẹ́ ẹ.

Àìsàn inú eegun nìkan kì í ràn, kò sí ìdí láti ya àwo sọ́tọ̀ fún aláìsàn. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ló ti lè ran ará ilé.