Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ lórí omi Odò Ògùn àti ilẹ̀ àkùrọ̀ rẹ̀

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni yóò máa lọ láti fóònù dé fóònù ní Ìṣẹ̀rì, ní Agbóyì àti ní apá Ìkòròdú: "Wọ́n ti ń ṣí Ọ̀yán o!", ìyẹn dáàmù tó wà lókè odò. Kíá, àwọn ènìyàn á máa gbé mátírẹ́ẹ̀sì sórí tábìlì. Bí omíyalé bá wá ṣẹlẹ̀ tán, a ó bú àwọn tó ń ṣọ́ dáàmù, àwọn náà á ní àwa la kọ́lé sójú ọ̀nà odò. Lẹ́yìn náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀ wá pé kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn: kí a máa dúró di ìgbà tí omi bá mu wá dé orókùn kí a tó sọ̀rọ̀ omi. Dáàmù Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí lọ́dún 1983, lè gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì omi. Omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, àti iṣẹ́ oko. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà wà. Ẹni tó ń wá omi mímu fẹ́ kí adágún dáàmù náà kún dẹ́múdẹ́mú kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò fẹ́ kí àyè ṣì wà nínú rẹ̀, kí òjò oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá lè ríbi wọ̀ sí. Bí adágún bá ti kún kí òjò yẹn tó dé, kò sí ohun tó kù fún ẹnjiníà ju kó ṣílẹ̀kùn lọ. Nítorí náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ kí ará ìsàlẹ̀ odò ti lọ béèrè: omi inú rẹ̀ ti tó báwo báyìí? Báwo lẹ ó ṣe máa jọ̀wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òjò bá bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò pè wá, nígbà wo?

Ẹ má sì rò pé ẹjọ́ Ọ̀yán nìkan ni. Odò Ògùn fúnra rẹ̀ ti òkè Ìgàràn nítòsí Ṣakí wá, ó sì ti kó omi púpọ̀ mọ́ra kí odò Ọ̀yán tó wá dà sínú rẹ̀. Ọ̀sà Èkó ló ń lọ. Bí ọ̀sà bá kún, omi odò ò ní ríbi gbà, á padà wá bá àwọn tó ń gbé etí rẹ̀.

Àṣìṣe kejì máa ń dùn mí jù. A ń pe àkùrọ̀ ní ilẹ̀ òfo. Ẹ lọ wo àkùrọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ewé ti gbẹ níbi gbogbo: ewédú àti tẹ̀tẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ lórí ebè, ìyá kan bẹ̀rẹ̀, ó ń fi igbá bu omi látinú kòtò tí kò jìn ju apá rẹ̀ lọ. Nígbà òjò, ibẹ̀ kan náà ni omi máa ń fẹ̀ sí, tó ń rọra rìn, tí ẹja sì ń pamọ́ sí. Bí tírélà bá da yanrìn sí i tí ẹnì kan kọ́lé lé e, omi tó ti ń sinmi níbẹ̀ kò kú. Ilé aládùúgbò rẹ̀ ló ń lọ.

Àwọn onímọ̀ tó ń wádìí omi náà ní àṣìṣe tiwọn. Wọ́n á pe ìpàdé, wọ́n á pe baálẹ̀ àti alága àdúgbò, lọ́jọ́ ọjà. Apẹja kò sí níbẹ̀, awayanrìn kò sí níbẹ̀, obìnrin tó ní ebè tẹ̀tẹ̀ wà lọ́jà. Mo mọ bàbá apẹja kan tó máa ń fi àdá gé àmì sára igi mángòrò etí odò ní gbogbo ọdún tí omi bá gun òkè. Àmì tó ga jù níbẹ̀ dé èjìká mi. Kò sẹ́ni tó tíì wá fi téèpù wọn àwọn àmì yẹn.

Bí ará ìlú bá wá gbà láti máa ka òpó ìwọ̀n omi, ìyẹn òpó tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lára láti mọ bí omi ṣe ga tó, kí wọ́n má ṣe fojú bù ú. Àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni kí wọ́n máa kà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ kò bá lè débẹ̀, ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Nọ́ńbà àtọwọ́dá burú ju àyè òfo lọ. Bákan náà, ẹ má fi ike Fáńtà bu omi fún àyẹ̀wò kòkòrò àrùn. Ìgò tí làbù, ìyẹn ilé àyẹ̀wò, ti sè ni kí ẹ lò, ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ rì í sábẹ́ omi, ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú yìnyín, kó sì dé làbù lọ́jọ́ náà.

Àwọn oníwádìí ti rí i tipẹ́ pé àtọ̀sí ajá, àrùn kòkòrò tó ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, gbilẹ̀ lábúlé etí adágún Ọ̀yán. Ìgbín kékeré inú omi ló ń gbé kòkòrò náà, ara ẹni tó bá wọ omi ló sì ń gbà wọlé. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá fún ọmọ lóògùn lónìí tí kò sí omi ẹ̀rọ nílé, tí kò sí ṣáláńgá, odò yẹn náà ni yóò ti wẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá gba ìtọ̀ ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, kó padà wá sọ èsì fún ìyá rẹ̀ lédè Yorùbá, kó sì lẹ èsì gbogbo abúlé mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ti ń ta ẹja.