Ẹsẹ̀ Tí Kì Í Sùn: Bí Mo Ṣe La Òru Oyún Mi Já

Ní aago méjì òru, ìdúró lẹ máa bá mi, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, tí mo ń na ẹsẹ̀ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fẹ́ ti ilé wó. Oyún mi ti wọ oṣù keje nígbà náà. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí o. Ó ń ṣe mí bíi pé èèrà ń tò lọ nínú egungun ojúgun mi, níbi tí èékánná ò lè dé láti họ ọ́. Bí mo bá dìde rìn, ó dáwọ́ dúró. Bí mo bá tún fẹ̀yìn lélẹ̀, kí n tó ka ení, èjì, ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ẹni tí mo sọ fún ló ní pajápajá ni. Mo mọ pajápajá dáadáa. Ẹran ẹsẹ̀ á le bí òkúta, á dun èèyàn títí omi á fi bọ́ lójú, lẹ́yìn náà á tú u sílẹ̀. Èyí, tí àwọn dókítà ń pè ní restless legs syndrome (ẹsẹ̀ tí kì í sinmi), kò le, kò dùn, kò sì jẹ́ kí n sinmi. Ìyàtọ̀ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ rí dájú, torí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Fún ọjọ́ méje ni mo fi kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí mo mu lọ́jọ́ náà àti oògùn tí mo lò. Kọfí ìrọ̀lẹ́ kọ́kọ́ jáde. Èkejì yà mí lẹ́nu: oògùn ọ̀fìnkìn tó máa ń mú oorun kun èèyàn, tí mo rò pé yóò bá mi ṣe é, alẹ́ tí mo bá lò ó gan-an ni ẹsẹ̀ máa ń ya wèrè jù. Dókítà jẹ́rìí sí i pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ a máa ru ú sókè, àti àwọn oògùn kan tó ń dá èébì dúró, bíi metoclopramide. Bí dókítà bá ti kọ ọ́ fún yín, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ bi í léèrè.

Ìwé yẹn ni mo gbé lọ síbi àyẹ̀wò oyún. Ẹni tí mo kọ́kọ́ bá wo ìwé mi, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ yín pé, ara aboyún ni, ẹ lọ sinmi." Inú mi ò dùn, mo sì ní mo fẹ́ rí dókítà. Òun ló là á yé mi pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn lè pé kí èròjà irin tó fi pa mọ́ sì ti tán. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n yẹn ni owó tí à ń ná, ferritin, ìyẹn òdiwọ̀n irin tí ara fi pa mọ́, ni èyí tó wà nínú kóló. Wọ́n yẹ tèmi wò, 14 ló jẹ́. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń ṣe báyìí, bí ferritin bá wà nísàlẹ̀ 75, wọ́n sábà máa ń fi oògùn irin, tí à ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀, gbé e sókè. Ó ní bí aboyún márùn-ún bá wà, ó ṣeé ṣe kó máa ṣe ọ̀kan nínú wọn, pàápàá ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn.

Mo ń fi omi ọsàn gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ náà mì. Tíì, kọfí, mílíìkì àti kálísíọ̀mù ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, wákàtí méjì ni mo ń fi là wọ́n. Ìgbẹ́ mi dúdú bí èédú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo, kí n tó rántí pé wọ́n ti sọ fún mi. Nígbà tí inú mi wá di pa, dókítà ní kí n máa lò ó lọ́jọ́ kan kí n fo ìkejì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ìyàtọ̀ kankan.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó pé ńkọ́? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí gbogbo ayé ń yìn kò ràn mí. Aṣọ tí mo rẹ sínú omi tútù, tí mo fún, tí mo wé mọ́ ojúgun, òun ni ẹsẹ̀ tèmi gbọ́ èdè rẹ̀. Ọkọ mi náà ń bá mi fún ẹsẹ̀ náà. "Ìyá Àyọ̀, ṣé ibí ni?" Kó tó dẹ́nu dúró ni oorun á ti gbé òun lọ, tí ọwọ́ rẹ̀ á ṣì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Mo ń rìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe èyí tó ń mú èèyàn mí hẹlẹ. Bó bá le gan-an, mo máa ń dìde ká aṣọ ọmọ: bí ọkàn bá ti rí nǹkan ṣe, èèrà yẹn á dẹwọ́.

Àmọ́ bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó pọ́n, tó sì ń dùn, ẹ má wé aṣọ kankan mọ́ ọn. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí mo bímọ, mo jókòó ní aago méjì òru, mò ń fún ọmọ lọ́mú, ni mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà nílẹ̀ jẹ́ẹ́. Dókítà ní ó lè padà bí mo bá tún lóyún. Mo ti kọ ọ́ sí ojú ìwé tó kẹ́yìn nínú ìwé kékeré yẹn: kí wọ́n yẹ ferritin wò láti ìbẹ̀rẹ̀.