Bí mo ṣe ń fi ìdẹ onírin pẹja nínú omi ìgbà òtútù

Tí òtútù bá ti mú omi débi pé ọwọ́ kò ṣeé kì bọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ apẹja á ti kó ọ̀pá wọn nílẹ̀. Wọ́n á ní ẹja ti pa ẹnu dé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹja ń jẹun nígbà òtútù, eré sísá ni kò fẹ́ mọ́. Bí omi bá ṣe rí ni ara ẹja náà ṣe ń rí: omi tutù, ara ẹja tutù, oúnjẹ tó jẹ kì í tètè dà, okun tó fi ń lépa nǹkan sì dín kù. Ẹ má retí pé kó sáré tẹ̀lé ìdẹ tí ẹ fà kọjá lórí rẹ̀ fìrì. Ṣùgbọ́n bí ohun kan tó jọ oúnjẹ bá ń rì bọ̀ níwájú rẹ̀, tí kò ní ná an ju kó la ẹnu lọ, á gbé e.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa irú ìpẹja yìí, orí ìyẹn ló dúró lé. Ìgbà tí irin bá ń rì ni ẹja òtútù ń gbé e, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ń fà á. Torí kó lè rí ibi tí yóò ti rì ni ẹ ṣe ń gbé e sókè.

Ẹ wo shad, ẹja wẹ́wẹ́ aláwọ̀ fàdákà tó pọ̀ nínú àwọn adágún apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní threadfin kì í fara da òtútù. Tí omi bá ti ń lọ sí nǹkan bíi 7°C sísàlẹ̀, agbára rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pin. Á fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, á gbọ̀n rìrì, á rì díẹ̀, á tiraka gòkè, á tún rì. Àwọn bass, ẹja ńlá tó ń jẹ wọ́n, á dúró sábẹ́ wọn jẹ́ẹ́, èyí tó bá já bọ́ ni wọ́n á gbé mì. Pẹlẹbẹ irin tó ń tàn yẹ̀rì, tó ń gbọ̀n bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ohun tó ń ṣe gan-an nìyẹn. Irin tún wúwo ju bó ṣe tóbi lọ, ìdẹ kékeré lè tipa bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ jíjìn láìpẹ́. Àwọn ẹja mìíràn bíi walleye, perch, pike àti trout inú adágún náà kì í kọ̀ ọ́.

Kí ẹ tó ju ohunkóhun sínú omi, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹja wà. Ìwọ̀n 4°C ni omi tí kò níyọ̀ máa ń wúwo jù. Tó bá tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, á tún fúyẹ́, á sì bọ́ sókè. Ìdí nìyẹn tí yìnyín fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú omi. Nínú adágún jíjìn tí yìnyín ti bò, omi tó kan yìnyín á wà ní nǹkan bíi 0°C, ti ìsàlẹ̀ á sì súnmọ́ 4°C. Kò sí èèyàn tí yóò pe ìyẹn ní ooru, ṣùgbọ́n ó sàn fún ẹja ju tòkè lọ. Níbi tí yìnyín kì í ti í dì, omi òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ kì í yí padà lójijì bí òkè ṣe ń yí padà, ẹja tí ara rẹ̀ kò yá sì fẹ́ ibi tí nǹkan ti dúró lójú kan.

Inú ibú tó súnmọ́ ibi tí kò jìn ni mo máa ń wò. Bí ilẹ̀ bá yọ ṣóńṣó wọnú omi, mo máa ń lọ sí ìparí rẹ̀, níbi tó ti já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ adágún tí wọ́n sé odò fi ṣe, mo máa ń wá ibi tí ipa odò àtijọ́ ti yí kọ́rọ́ lábẹ́ omi, pàápàá tí òkìtì igi tó ti kú bá wà létí rẹ̀. Mítà 6 sí 12 ni mo sábà máa ń bá bass pàdé. Nínú odò tó ń ṣàn, ihò jíjìn tí ìṣàn kò ti le ni kẹ́ ẹ wá, torí ẹja òtútù kò fẹ́ bá omi jà.

Tẹ́ ẹ bá ní sónà, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ́ omi hàn lójú gíláàsì, ẹja wẹ́wẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wá. Wọ́n máa ń hàn bí ìkùukùu tó ṣù, ẹja ńlá á sì hàn lábẹ́ wọn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ. Ibi tí n kò bá ti rí ẹja wẹ́wẹ́, n kì í pẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kí ibẹ̀ dára lójú tó. Ẹni tó wà létí omi tí kò ní ẹ̀rọ, kó wá ibi tí etí omi ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọnú ibú. Kó ju ìdẹ, kó máa kà á ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta, títí okùn á fi dẹ̀ lójijì. Ìsàlẹ̀ ló dé yẹn. Kó jù ú sápá òsì, kó jù ú sápá ọ̀tún, kó tún kà. Ibi tí iye náà bá ti fò sókè ni ilẹ̀ ti já.

Ó wá kan irin fúnra rẹ̀. Oríṣi méjì ni mo gbọ́kàn lé. Èkíní ni ṣíbí, irin tó tẹ̀ bí ojú ṣíbí ìjẹun. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń fi irú rẹ̀ pẹja. Láti 1852 ni Julio Buel ti gbàwé àṣẹ lé tirẹ̀ lórí ní Amẹ́ríkà. Èyí tí a ń lò fún ibú gùn, ó nípọn, ó sì wúwo, kì í fẹ̀ bíi ti èyí tí wọ́n ń jù tí wọ́n ń fà. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní blade. Irin pẹlẹbẹ tín-ínrín ni, wọ́n gé e bí ẹja, wọ́n yọ́ òjé tàbí irin wúwo mìíràn mọ́ ọn níwájú lápá ìsàlẹ̀, wọ́n sì lu ihò méjì tàbí mẹ́ta sí ẹ̀yìn rẹ̀ lókè, láti iwájú lọ sápá ìrù. Tẹ́ ẹ bá fi okùn kọ́ ihò iwájú, gbígbọ̀n rẹ̀ á kéré, á sì yá. Tẹ́ ẹ bá kọ́ ihò tó súnmọ́ ìrù, á máa jù fìrìfìrì. Ihò iwájú lèmi ń lò tí omi bá ti tutù dáadáa. Oríṣi kẹta wà, òjé tó ní ewé irin kékeré tó ń yí nírù. Ó dára fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ́ ọn, torí ewé yẹn á máa yí fúnra rẹ̀ bó ṣe ń rì.

Ẹ má so okùn tààrà mọ́ ihò blade. Etí ihò yẹn mú, á sì máa rẹ́ okùn jẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ìkọ́ wáyà kékeré tó ṣeé ṣí tó ṣeé pa dé ni kẹ́ ẹ fi sí i. Ṣíbí ní tirẹ̀ máa ń lọ́ okùn, torí náà ẹ so swivel, ìkọ́ kékeré tó ń yí, mọ́ okùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sókè rẹ̀. Ẹ yẹ ìwọ̀ wò. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ fa èékánná: tó bá yọ̀, kò mú, ẹ pọ́n ọn tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹja òtútù kì í já ìdẹ gbà, ìwọ̀ ló gbọ́dọ̀ wọlé fúnra rẹ̀.

Ní ti ìwọ̀n, gíráàmù 7 ń tó mi níbi tí kò ju mítà 4 lọ. Gíráàmù 14 ni mò ń lò jù. Tí atẹ́gùn bá le tàbí tí omi bá kọjá mítà 10, mo máa ń gbé gíráàmù 21. Èyí tó fúyẹ́ jù tí mo ṣì lè fi mọ̀ pé mo ti kan ilẹ̀ ni mo máa ń mú, torí pé rírì rẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ sí i lójú ẹja. Àwọ̀ kò gbà mí lákòókò: fàdákà níbi tí omi bá mọ́, wúrà níbi tó bá pọ́n. Ọ̀pá tó gùn tó mítà 2, tí orí rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ti tó. Okùn fluorocarbon, irú okùn ike kan tí kì í mumi, tó lè gbé kílò 4 tàbí 5 ni mo fẹ́ràn, torí okùn híhun máa ń mumi, omi yẹn á sì di yìnyín nínú àwọn òrùka ọ̀pá. Bí yìnyín bá dí òrùka, ẹ ki orí ọ̀pá bọ omi kó yọ́. Ẹ má fi ọwọ́ fọ́ ọ, òrùka lè bá a lọ.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí o. Ẹ jẹ́ kí ìdẹ lọ títí á fi kan ilẹ̀. Ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí orí ọ̀pá wà ní ìbú, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí omi. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ fi gbé e, kì í ṣe apá. Láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30 ni. Tó bá jẹ́ blade, ẹ ó gbọ́ ọ nínú ọ̀pá, ríríri, bíi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ, ó tó, ẹ dúró. Ẹni tó bá ń bá a lọ títí ọ̀pá á fi kọjú sójú ọ̀run ti gbé ìdẹ kúrò níwájú ẹja, ẹja yẹn ò sì ní tẹ̀lé e.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ orí ọ̀pá kalẹ̀ bí ìdẹ ṣe ń rì, kí wọ́n jọ máa lọ. Èyí ló ṣòro láti kọ́. Bí okùn bá le jù, irin á sọ̀kalẹ̀ tọ́ọ́rọ́ láìgbọ̀n. Bó bá dẹ̀ jù, ẹja á gbé e, á sì tutọ́ rẹ̀ dà nù kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ díẹ̀ láàárín orí ọ̀pá àti omi, ìtẹ̀ kékeré tí ojú lè rí. Ìtẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, pàápàá ibi tí okùn ti wọ omi.

Ìjẹ rẹ̀ kì í le. Nígbà mìíràn, ẹ ó gbọ́ tọ́ kan, bí ẹni fi èékánná kan tábìlì. Nígbà mìíràn, okùn á dúró kó tó yẹ kó dúró: ẹ mọ̀ pé oókan, eéjì ló fi ń dé ilẹ̀, ó wá dúró ní oókan. Okùn lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ mi ni pé tí mo bá tún fẹ́ gbé e, ohun tó rọ̀ tó sì wúwo á ti wà níbẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti yàtọ̀ sí rírì tí ẹ mọ̀, ẹ kọ́ ọ. Ẹ gbá ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú agbára díẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa ká okùn láìdẹ̀ ẹ́, torí irin wúwo máa ń ran ẹja lọ́wọ́ láti gbọn ìwọ̀ dà nù tí okùn bá ti dẹ̀.

Tó bá kan ilẹ̀ tán, ẹ jẹ́ kó sinmi. Nínú omi 4°C tàbí 5°C, mo máa ń fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 3 sí 5, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí n tó tún gbé e. Nínú omi 8°C sí 10°C, a lè gbé e ga tó ààbọ̀ mítà, ká sì yá ọwọ́ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i lójú ẹ̀rọ pé ẹja ń gòkè wá wo ìdẹ tó sì ń padà, gbígbé yín ló pọ̀ jù. Ẹ dín in kù títí á fi di pé ẹ kàn ń jí i lójú kan.

Ṣíbí ní ọ̀nà tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi gan-an ni mo máa ń sọ ọ́ sí. Mo máa ń ta á sókè pàkì, lẹ́yìn náà màá fi okùn sílẹ̀ fún un ju ti blade lọ kó lè rí àyè fì sọ́tùn-ún sósì. Ní àárín igi, ẹ gé ẹnu kan kúrò lára ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, èyí tó kọjú síwájú tó máa ń há. Tó bá há náà, ẹ má fà á. Ẹ dẹ okùn, kẹ́ ẹ máa gbọn orí ọ̀pá. Ìwúwo ṣíbí fúnra rẹ̀ á máa lu ìwọ̀ títí á fi bọ́. Ẹni tó bá fa ti kàn án mọ́ igi nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ dá padà. Àpò afẹ́fẹ́ wà nínú ikùn bass àti walleye. Tẹ́ ẹ bá fà á láti ibi tó jìn ju mítà 10 lọ, afẹ́fẹ́ yẹn á wú, ojú ẹja lè yọ síta, kò sì ní lè rì padà. Tí mo bá ti rí i pé ibú yẹn ni wọ́n wà, tí n kò sì ní jẹ wọ́n, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ lọ wá àwọn tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹja sórí yìnyín. Ojú rẹ̀ àti ẹ̀yà tó fi ń mí lè dì kíá. Ọwọ́ tí ẹ ti rẹ sómi ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, kẹ́ ẹ sì dá a padà láìpẹ́.

Omi yìí lè pa èèyàn, ó sì ń yára. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ á mí gììrì láìfẹ́, bí orí rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi nígbà yẹn, omi ló máa fà símú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Torí náà ẹ wọ ẹ̀wù tó ń gbé èèyàn léfòó, ara ni kó wà, kì í ṣe ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ má dá nìkan lọ. Lórí yìnyín, sẹ̀ǹtímítà 10 ti yìnyín tó mọ́ gaara ni ó kéré jù fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Yìnyín funfun kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì máa lu ihò wò bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, torí kì í nípọn bákan náà níbi gbogbo.

Ìbọ̀wọ́ tí wọ́n gé orí ìka rẹ̀ ni mo máa ń wọ̀, aṣọ ìnuwọ́ gbígbẹ á sì wà lápò mi. Tí orí ìka bá ti kú, ẹ gbé ọ̀pá sílẹ̀ kẹ́ ẹ yá iná, torí ìka tí kò mọ ríríri blade kò lè mọ ìgbà tí ẹja gbé e. Kẹ́ ẹ tó padà sídìí rẹ̀, ẹ fi ìka fa mítà kan tó gbẹ̀yìn lára okùn náà, ẹ gé ibi tó bá ti rí ṣákaṣàka, kẹ́ ẹ sì tún un so.