Kábéèjì ìgbà ọyẹ́: bí mo ṣe ń gbà á lẹ́nu adìẹ àti kòkòrò

Ní Epe níbí, oṣù kọkànlá ni mo máa ń kó ọmọ kábéèjì bọ́ sórí ebè, kí ewé rẹ̀ lè ká jọ nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé koríko àdúgbò ti ń gbẹ nígbà náà, ebè tí à ń bomi rin nìkan ló tutù yọ̀yọ̀. Ohunkóhun tó bá ń jẹ ewé, ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Ẹyẹlé igbó ni àwọn àgbẹ̀ Ìlú Ọba ń bá fa irú ìjà yìí nígbà òtútù. Tèmi, adìẹ ìyá àgbà tó múlé tì wá ni.

Ẹ wá àwọ̀n kí ẹ tó gbin ohunkóhun. Mo ra àlòkù lọ́wọ́ apẹja kan ní Ọjà Olúwo. Mo la ọparun, mo tẹ̀ ẹ́ bí ọrun, mo ki ìdí rẹ̀ méjèèjì bọlẹ̀ kí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, mo wá ta àwọ̀n lé e. Ẹ fà á kó le dáadáa. Lọ́dún àkọ́kọ́, ńṣe ni mo kàn dà á bo orí ewé. Àwọn ẹyẹ bà lé e, wọ́n ń ti ojú àwọ̀n ṣá ewé jẹ. Ọ̀kan há síbi tó dẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ẹ fi òkúta tẹ etí àwọ̀n yí ká, nítorí adìẹ mọ ihò wá ju olè lọ. Bó bá wọlé, ekòló ló ń wá, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tan ilẹ̀ ló ń hú ọmọ kábéèjì dànù.

Àwọ̀n ẹja ò lè dá àfòpiná dúró. Eléyìí tó ń ba kábéèjì jẹ́ kò ju wóró ìrẹsì lọ. Abẹ́ ewé ló ń yé ẹyin sí, wínníwínní, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọmọ rẹ̀ á fi ẹnu họ abẹ́ ewé títí tí yóò fi ku awọ òkè nìkan, tó ń dán bí ọ̀rá. Ẹ fọwọ́ kàn án, á jà pìtìpìtì, á sì fi okùn tín-ín-rín so ara rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń ṣí ewé wò, tí mo ń fọwọ́ pa á.

Ẹ má gbójú lé oògùn líle. Láti 1953 ni wọ́n ti rí i ní Java, ní Indonéṣíà, pé DDT, oògùn apakòkòrò kan, ò ran kòkòrò yìí mọ́. Dóńgóyárò ni mò ń lò: ewé kìlò 1, omi lítà 5. Mo máa ń gún un, á sùn nínú omi mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí i kó lè lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ fín in, oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Abẹ́ ewé ni kí ẹ dojú rẹ̀ kọ. Kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀, oúnjẹ ni kì í jẹ́ kó lè jẹ. Ẹ tún un fín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá rí èèrà tó ń gun ewé, ẹ wo ibi tó ń lọ: iná ewé, kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ewé mu, wà níbẹ̀. Omi ọṣẹ tó fún un.

Lọ́sẹ̀ tí mo bá fẹ́ kórè, mi ò ní fín nǹkan kan mọ́. Ewé ìta tó ti lu jára, mo máa ń ṣí i kúrò fún ìyá àgbà, kó fi bọ́ adìẹ rẹ̀.